Ta Ló Ń Jẹ́ ‘Àwa’?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2023, kò sí ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún kan náírà lápò nínú àwa tí a máa ń pé jọ sídìí tábìlì bàbá oníwèé-ìròyìn ní Ajah. Kì í ṣe pé a ò ṣiṣẹ́. Ìjọba ló ní kí gbogbo ènìyàn dá owó àtijọ́ padà sí báńkì, tuntun ò sì kárí. Àwọn oní-POS láti abẹ́ afárá títí wọ ọ̀nà Addo ti sọ owó di ọjà. Owó la fi ń ra owó. Bẹ́ẹ̀, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni Chelsea ra Enzo Fernández lọ́wọ́ Benfica ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 106 pọ́n-ùn. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sí kíláàbù kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ẹnì kan ṣoṣo.

“A ti rà á!” Ọ̀kan nínú wa tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ náà. “Ẹ̀yin ará Arsenal, a gba Mudryk mọ́ yín lọ́wọ́, a tún ra èyí lé e. Ẹ lọ sùn!”

Ìyá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbójú sókè nídìí agbada rẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, èló lẹ dá?”

“A dá kí ni, Ìyá?”

“Owó tí ẹ fi ra ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ ní ẹ ti rà á. Èló ni kálukú dá? Torí àkàrà ijẹta, ẹ ò tíì san án.”

A rẹ́rìn-ín débi pé bàbá oníwèé-ìròyìn ní kí a má da tábìlì òun wó. Ẹ̀rín náà kọjá, ìbéèrè náà ò kọjá. Lóòótọ́, èló la dá? Ta sì ló ń jẹ́ ‘àwa’ tó ra Enzo?

Kí á kọ́kọ́ sọ ẹni tí a jẹ́. Bíríkìlà kan wà nínú wa, télọ̀ kan wà, oníkẹ̀kẹ́ wà, mégáàdì ẹ́stéètì kan wà, òṣìṣẹ́ báńkì kan wà tó máa ń dúró de ọkọ̀ lọ sí Victoria Island, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì náà sì wà. Kò sẹ́ni tó ń ra ìwé ìròyìn nínú wa. Àkọlé là ń kà lọ́fẹ̀ẹ́, bàbá sì ti fi wá sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Bọ́ọ̀lù ló kó wa jọ: ta ló fìdí rẹmi lánàá, kóòṣì wo ló yẹ kí wọ́n lé, agbábọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń bọ̀ wá rà.

Nínú èdè wa, kò dìgbà tí ènìyàn bá ní nǹkan kó tó fi ‘wa’ kún un. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Láńgbàsà, tí owó ilé rẹ̀ ti pé tí kò sì tíì rí i san, á ṣì pè é ní ‘ilé wa’. Bí wọ́n bá fi ọba tuntun jẹ nílùú ẹnì kan, bí kò tilẹ̀ délé láti ọdún mẹ́wàá, á ní ‘a ti fọba jẹ’. Kò parọ́. Ohun tó ń sọ ni pé tí nǹkan náà bá dára, yóò kan òun. Tó bá bàjẹ́, yóò dun òun. Ní ọ̀nà yẹn, oníkẹ̀kẹ́ wa kò jẹ̀bi.

Kì í ṣe pé a kàn sùn tí a jí tí a rí i pé a ti di ará Arsenal tàbí ará Chelsea. Celestine Babayaro lọ sí Chelsea ní 1997. Kanu dé Arsenal ní ìbẹ̀rẹ̀ 1999, ọkùnrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkàn rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Chelsea ti ń na Arsenal ní 2–0 ní Stamford Bridge, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí eré parí, ni Kanu bá dá gbá mẹ́ta wọlé. Bíríkìlà wa ní ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lòun lọ́jọ́ náà, àti pé láti ìgbà yẹn lòun ti wọ inú ọkọ̀ tí òun ò rí ibi sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ní 2023 yẹn, ó ti ń retí ife ẹ̀yẹ líìgì láti 2004, ó sì ń jìyà rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Tíṣà ní tiwa kéré. Ó ní nígbà tàwọn, àwọn bàbá wa ń pe Stationery Stores ní ‘àwa’ ní Èkó, wọ́n ń pe IICC ní ‘àwa’ ní Ìbàdàn. Nígbà tí IICC borí Tonnerre ti Yaoundé ní 1976, tó sì di kíláàbù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, ènìyàn lè pàdé àwọn tó gbà á lọ́jà, kó kí wọn, kí wọ́n sì dá a lóhùn. Ó ní, “Tí mo bá ní ‘àwa’ nígbà yẹn, ẹni tí mo ń bá wí lè gbọ́ mi. Tiyín yìí, ta ló gbọ́ yín ní London?” A ò rí èsì fọ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Ajah lọ sí CMS ń gba ẹ̀bá Oníkan kọjá, níbi tí Sporting Lagos ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kíláàbù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2022. Nínú gbogbo wa, mégáàdì nìkan ló ti wọ ibẹ̀ rí.

Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, a ò ní jẹ́ kí Tíṣà borí wa tán. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni ‘àwa’ yìí. Owó ẹnu ọ̀nà ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ń bẹ, owó oorun ń bẹ, ìrora inú ń bẹ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2017, wáyà iná já lu ilé ìwòran kan ní Calabar níbi tí wọ́n ti ń wo Man U àti Anderlecht. Àwọn tó jáde nílé láti lọ wo bọ́ọ̀lù kú síbẹ̀. Ẹni tó bá ní àwọn yẹn ò dá nǹkan kan, kó lọ sọ ọ́ fún ìyá wọn.

Ohun kan tún wà tí orúkọ kíláàbù ń ṣe fún wa níhìn-ín tí a ò gbọdọ̀ gbàgbé. Gbogbo Lekki yìí, ìlú géètì ni. Láti Jákàǹdè dé Ajah, ibi tí o bá yà sí, géètì ni, ẹnì kan á sì wà nídìí rẹ̀ tí yóò bi ọ́ pé ta lo wá wò. Mégáàdì wa ń ṣí géètì fún ọ̀gá kan lójoojúmọ́, á tẹ́rí ba, á ní “ẹ kú iṣẹ́ sà”. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí ọ̀gá yẹn bá dúró gba ìwé ìròyìn, tó sọ gíláàsì jíìpù rẹ̀ kalẹ̀, mégáàdì á ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú o, ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù rárá.” Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á sì bá a jiyàn bí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo ọ̀nà Lekki sí Epe tí àwọn méjèèjì ti lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí. Ará Chelsea àti ará Man U ni wọ́n níbẹ̀. Ìyókù ti bọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ ohun tó lè bo ipò ọ̀gá lè bo nǹkan mìíràn pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹ̀sín. Nínú àdúrà òwúrọ̀ wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì o, ní mọ́ṣáláṣí o, a kì í gbàgbé láti sọ pé kí ọ̀tá má yọ̀ wá. Tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, àwa náà la máa ń di ọ̀tá tó ń yọ ẹlòmíràn. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Èrò wa tẹ́lẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, torí pé gbèsè tó ń yí po ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, Man U na Arsenal ní 8–2, télọ̀ wa sì fi ẹ̀sín pa bíríkìlà fún ọdún púpọ̀. Ní oṣù Kẹta 2014, ní eré tó pé ẹgbẹ̀rún kan tí Wenger ti ń darí Arsenal, Chelsea na wọ́n ní 6–0. Oníkẹ̀kẹ́ gba tiẹ̀. Ẹni tí a fi ṣẹ̀sín lónìí mọ̀ pé ọjọ́ tòun ń bọ̀. Ó dà bí àwọn aya ilé tó ń sọ ọmọ ọkọ wọn lórúkọ kórúkọ: ẹni tí wọn ò bá rí bí ẹni tiwọn, wọn kì í bá a ṣe irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tí à ń yọ̀ gbọ́dọ̀ lè padà yọ̀ wá. Òfin tí a fi ń ṣeré nìyẹn, a sì rò pé ó tó.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2023, Liverpool na Man U ní 7–0 ní Anfield.

Ní Mọ́ńdè, kí oòrùn tó mú, a ti gba àkàrà méje láwìn lọ́wọ́ Ìyá. A tò wọ́n ní ìlà kan sórí ìwé ìròyìn àná, a ń retí télọ̀. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó yọ, bíríkìlà, tí 8–2 ṣì wà nínú rẹ̀ láti ọdún méjìlá, fò sókè: “Ọ̀gá télọ̀, ẹ wá bá wa kà á! A ò mọ ìṣirò!” Gbogbo wa gbè é. “Ení, èjì, ẹ̀ta...” Àwọn tó ń kọjá dúró wò wá. Télọ̀ wo àkàrà méje náà. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ẹ kú àárọ̀ o,” ó yí padà, ó sì gba ọ̀nà Badore lọ. A hó lé e lórí pé ó ti sá.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá sọ fún wa. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ní àwọn ò gba tíránsífà, torí kì í tètè wọlé lásìkò yẹn, owó lọ́wọ́ làwọn fẹ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní ọjọ́ Ẹtì pé owó àtijọ́ ṣì ṣe é ná, àmọ́ ta ló gbà á? Télọ̀ ti ń lọ láti ibì kan sí ibì kan láti fi orí alẹ́ Àìkú dá owó jọ. Ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè láti wá tọrọ. Ìyá náà kú ní ọjọ́ Túsìdeè.

A jókòó, a sì ṣírò rẹ̀. Owó tó wà lápò gbogbo wa láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn lé díẹ̀ ní náírà 14,000. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ì bá ti tó, tàbí bóyá ìyá náà ì bá ti yè. A ò fẹ́ fi ìyẹn tan ara wa, yálà láti dá ara wa láre tàbí láti da ara wa lẹ́bi.

Òṣìṣẹ́ báńkì ní, “Eré ni. A ò mọ̀. Ẹni tí ò mọ̀ ò ṣẹ̀.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, tí a bá ní ká máa ṣèwádìí ilé ẹni kí á tó bá a ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ti tán láyé. Ṣùgbọ́n Tíṣà bi wá pé, “Ẹ̀wù wo ló wọ̀?” Gbogbo wa dákẹ́. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀wù rẹ̀ hun, tó máa ń fi kọ́là tirẹ̀ polówó iṣẹ́, a ò lè sọ ohun tó wọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ló rántí níkẹyìn: aṣọ Àìkú ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti rún wómúwómú, ojú rẹ̀ sì pọ́n. “Nígbà náà, kí lẹ rí nígbà tó ń bọ̀?” ni Tíṣà wí. Bíríkìlà ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè: “Man U ni mo rí.”

Láti ọjọ́ náà, a ò lè rò ó lọ́nà mìíràn mọ́. Àìmọ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe wá. Ojú wa ṣí. Orúkọ kíláàbù la gbé síbi tí ojú ọkùnrin náà wà.

Bẹ́ẹ̀ la sì ti ń ṣe fún àwọn tí a ò lè fọwọ́ kàn pàápàá. Ẹ rántí Mikel Obi. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18, Man U gbé e jáde pẹ̀lú jẹ́sì nọ́ńbà 21, wọ́n ní ó ti di tiwọn. Chelsea ní rárá. Ìjà náà dé ọ̀dọ̀ FIFA, kò sì parí títí di oṣù Kẹfà ọdún 2006, nígbà tí Chelsea san mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn fún Man U, wọ́n sì san mílíọ̀nù 4 fún Lyn, kíláàbù Norway tó wà tẹ́lẹ̀. A jà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ní Ajah bí ẹni pé oko bàbá wa ni wọ́n fẹ́ pín. Ta ló gbà á, ta ló jí i, ta ló jẹ gbèsè. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń ṣe ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ọdún 2018 ló burú jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, Argentina lé wa kúrò nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní Rọ́ṣíà; Rojo gbá èyí tó pa wá wọlé nígbà tí eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mikel ni balógun wa. A bú u títí ilẹ̀ fi ṣú: ó ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, kó lọ sinmi. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà la wá gbọ́ pé àwọn ajínigbé ti gbé bàbá rẹ̀, àti pé ní wákàtí díẹ̀ kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀ ló ti gbọ́. Ó gbé e sínú, ó sì wọ pápá. Wọ́n rí bàbá náà gbà padà láàyè, a dúpẹ́. Èébú tiwa ńkọ́? Kò sí ibi tí a lè lọ gbà á padà.

Tíṣà ní ọ̀rọ̀ ‘rà’ àti ‘tà’ yẹn ò bá òun lára mu rí. Ó ní, “Ọ̀nà tí à ń rìn yìí, Epe ló lọ. Epe ni Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Láyé ìgbà yẹn, tí ènìyàn bá ní òun ra ènìyàn ní Èkó, bó ṣe wí náà ló rí.” Òṣìṣẹ́ báńkì ní ká má fi ìtàn dẹ́rù bani: ìwé àdéhùn ni wọ́n ń rà, àti pé láti ìgbà tí Bosman ti borí ní kóòtù ní 1995, agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ bá parí ní Yúróòpù lè rìn lọ láìsan kọ́bọ̀. Òótọ́ ni. Enzo kò sí nínú ẹ̀wọ̀n, owó oṣù rẹ̀ sì ju ti gbogbo Ajah lọ. Ẹnu tiwa ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti sọ pé “ẹ tà á dànù, kò wúlò mọ́” nípa ènìyàn, kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi máa wo ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ti àwọn kóòṣì náà ńkọ́? Ní sáà kan ṣoṣo yẹn, Chelsea lé Tuchel ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n lé Potter ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, wọ́n pe Lampard wá dí àlàfo. Ẹni tó pariwo jù lọ pé kí wọ́n lé Potter ni òṣìṣẹ́ báńkì wa, ẹni tí kì í sùn dáadáa tí oṣù Kẹfà bá ń bọ̀, nítorí oṣù yẹn ni báńkì rẹ̀ máa ń dín òṣìṣẹ́ kù. A sọ ọ́ fún un. Ó ní iyekíye tí wọ́n bá lé Potter, wọ́n á san owó ìtánràn fún un, òun ò sì ní gba nǹkan kan. A ò rí ibi dá a lóhùn.

A lọ bá télọ̀ kẹ́dùn ní ilé rẹ̀. A kúnlẹ̀, a ní kó dárí jì wá. Ó ní kí a dìde, kò sí nǹkan. Ó fún wa ní mínírà. Ìjókòó wa le koko; ó ń dá wa lóhùn bí ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn, “ẹ ṣé, ẹ kú ìrìn”. Kò sì wá sídìí tábìlì mọ́. Man U gba eré, Man U pàdánù, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ìyá alákàrà béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ní ó ń bọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, Arsenal tó ti wà lókè líìgì fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ pàdé Man City, City sì nà wọ́n ní 4–1. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bíríkìlà jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí òjò pa. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí láti oṣù Kẹta, ẹnu wa ti wúwo díẹ̀.

Ni a bá rí télọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Badore. Ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù kan tó ti lọ̀ dáadáa ló wọ̀. Gbogbo wa ló wò ó. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dé ìdí tábìlì, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú bọ́tìnì funfun kan jáde, ó gbé e síwájú bíríkìlà. Ó mú èkejì. Ó mú ẹ̀kẹta. Ó mú ẹ̀kẹrin, ó sì tò wọ́n kí ìlà wọn gún.

“Ọ̀gá bíríkìlà,” ó ní, “ẹ bá mi kà á. Mi ò mọ ìṣirò.”

“City kì í ṣe kíláàbù yín!” Mégáàdì ló pariwo bẹ́ẹ̀. “Ọ̀tá yín ni wọ́n!”

Kò dá a lóhùn. Bíríkìlà ló ń wò. Bíríkìlà fi ìka kan bọ́tìnì àkọ́kọ́, ó ní “ení”, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó ní “èjì”, ó sì kà á dé ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá alákàrà ní ta ló máa san owó àkàrà méje ti oṣù Kẹta. Télọ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ òun lọ́rùn.